Téèpù Alága

Ìró tó pẹ́ jù nínú ìrántí rẹ̀ ni ti àlùmọ́gàjí ńlá kan tó ń rìn lórí pákó. Ṣáà, ṣáà, ṣáà, kọ́. Abẹ́ tábìlì ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí lọ́sàn-án, láàárín àwọn àjákù aṣọ, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ á dúró ti tábìlì, á máa gé ẹ̀wù. Bí àlùmọ́gàjí bá dé òpin ibi tó ń gé, irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kan pákó: kọ́. Kò tíì mọ oǹkà nígbà náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé lẹ́yìn kọ́ kẹta, àjákù kan máa já bọ́ lé òun lójú. Ó máa ń dúró dè é. Bó bá já bọ́ tán, oorun á gbé e lọ.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yìí, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, Ìyá Àgbà kò ra ẹ̀bùn kankan fún un. Ó bọ́ téèpù ọrùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ ọ lọ́rùn, ó ní, "Èyí kò tíì dójú tì mí rí." Téèpù aláṣọ ni, ó ní àwọ̀ ìyeyè, irin pẹlẹbẹ kékeré wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń lò ó. Nígbà tí àwọn nọ́ńbà ara rẹ̀ ń parẹ́, ó fi bírò tún wọn kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, máa ń sọ pé bí ilé bá ń jó, òun mọ ohun tí ìyàwó òun máa kọ́kọ́ gbé jáde, òun sì mọ̀ pé kì í ṣe òun.

Àwọn aránṣọ àdúgbò kì í pe orúkọ rẹ̀. Ìnṣì Kan ni wọ́n ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, níwájú rẹ̀ nígbà tó yá. Ohun tó fà á ni pé kò sí aṣọ tó máa rí tí kò ní yí inú rẹ̀ síta wò. Bí aṣọ tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú, lẹ́yìn ojú ibi tí wọ́n ti rán an, kò bá tó ìnṣì kan, á bi aránṣọ náà bóyá ẹni tó ni ẹ̀wù ti búra pé òun ò ní sanra mọ́ láyé. Ìdajì ìnṣì ni àwọn yòókù máa ń fi sílẹ̀ kí aṣọ lè ṣẹ́ kù. Tirẹ̀ ni ìnṣì kan gbáko, lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó di alága ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ, ó sọ ọ́ di òfin. Wọ́n kùn títí. Akọ̀wé ẹgbẹ́, ọkùnrin gígùn kan tó jẹ́ pé sòkòtò nìkan ló ń rán, sọ nínú ìpàdé pé ó jọ pé alága fẹ́ ká máa rán aṣọ sílẹ̀ de àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí.

Kò sí ẹni tó bá a du ipò náà. Ká sòótọ́, kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Ẹ̀ka tó ti ní ọgbọ̀n ọmọ ẹgbẹ́ nígbà kan ti ku ẹni mẹ́jọ, torí àwọn aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ti gba ìgboro kan. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, lọ́sàn-án Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Àga àwọn ọmọ kéékèèké ló wà níbẹ̀. Bí àgbàlagbà bá jókòó, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Alága ló máa ń kọ́kọ́ dé. Á gbálẹ̀, á nu pátákó ìkọ̀wé, á kọ ọjọ́ sí i, á wá jókòó, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Oṣù míì wà tó jẹ́ pé òun àti akọ̀wé nìkan ni wọ́n máa wo ara wọn lójú. Wọ́n á ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá síra wọn létí, wọ́n á gbà pé ó péye, wọ́n á fọwọ́ sí i. Akọ̀wé bi í lọ́jọ́ kan bóyá àwọn pọ̀ tó láti dìbò. Ó dá a lóhùn pé kò sí nǹkan kan tí àwọn fẹ́ dìbò lé lórí.

Kì í ṣe àga òfìfo ló ń dùn ún jù. Ohun tó ń dùn ún ni pé kálukú ti ti ara rẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù, máṣíìnì rẹ̀ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó dá a lójú pé bí wọ́n bá lè jọ ṣe iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ náà á tún mí. Ọdún méjì ló fi wá iṣẹ́ ọ̀hún kiri, ilé ìwòsàn ló ti rí i. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, gbà kí ẹgbẹ́ rán yunifọ́ọ̀mù fún ogójì nọ́ọ̀sì wò. Bó bá dáa, ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ ilé ìwòsàn á máa wà lọ́dọọdún. Bí kò bá dáa, á padà sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń kó o wá láti ọ̀nà jíjìn. Alága pe àwọn méje yòókù jọ, kò sì fi ọ̀rọ̀ bò. Ó ní bí èyí bá bàjẹ́, òun ò ní pe ìpàdé mọ́, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ.

Aṣọ márùn-ún márùn-ún ló kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ wíwọ̀n, alága kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ọwọ́ kan náà ló gbọ́dọ̀ wọn ogójì èèyàn, kí iṣẹ́ má baà rí wúruwùru. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dúró nínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, tí òórùn ọṣẹ àti ooru áyọ́ọ̀nù kún inú rẹ̀, tó ń fi téèpù àwọ̀ ìyeyè yí àyà àti ìbàdí àwọn nọ́ọ̀sì ká. Ó da àwọn nọ́ńbà náà kọ sínú ìwé fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n kó aṣọ lọ fún wíwọ̀ wò. Márùn-ún tí alága rán ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀. Wọ́n bá àwọn tó ni wọ́n mu bí ìgbà tí wọ́n dà á sí wọn lára. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì mi orí lẹ́ẹ̀kan pé ó dáa. Lẹ́yìn náà ló kan tàwọn yòókù, bọ́tìnnì kò sì pàdé ihò rẹ̀. Èkejì fún. Ẹ̀kẹta fún. Márùndínlógójì aṣọ, gbogbo wọn ló fún. Nọ́ọ̀sì kan tó lára dáadáa fa ikùn wọlé, ó fi tipátipá di tirẹ̀, ó ní òun ti wọ̀ ọ́, àbí wọ́n tún fẹ́ kí òun máa mí nínú rẹ̀ ni? Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, àfi ẹni méjì.

"Ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan," ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì wí. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ tó fún jù, ó gbé e lé alága lọ́wọ́, ó sì jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nínú yàrá ilé ẹ̀kọ́, àríyànjiyàn sọ. Ẹnì kan ní àwọn nọ́ọ̀sì ti sanra láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Akọ̀wé ní aṣọ ló súnkì nígbà tí wọ́n lọ̀ ọ́. Alága ní aṣọ kan náà ni òun náà rán, áyọ́ọ̀nù òun náà gbóná, ẹnu tí àwọn nọ́ọ̀sì òun sì fi ń jẹun kò kéré. Aṣọ tí olórí àwọn nọ́ọ̀sì gbé fún un ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Ìyàwó Káfíńtà ni. Obìnrin yìí kò ju ọmọ oṣù mẹ́fà lọ nínú ẹgbẹ́, kò sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni; ṣe ló ń tú ògbólógbòó aṣọ palẹ̀, tó ń wo bí wọ́n ṣe rán an, títí ó fi mọ̀ ọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì tó sanra jù ló kàn án láti rán aṣọ fún, tirẹ̀ ló sì fún jù.

Alága na aṣọ náà sí i lójú gbogbo wọn. "Ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ níṣẹ́ gan-an?"

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ níbẹ̀ pé kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Obìnrin náà ń wo ilẹ̀. Alága ní kí wọ́n kó gbogbo márùndínlógójì sílẹ̀, òun á tún un ṣe fúnra òun. Wọ́n kó o lé orí tábìlì àwọn ọmọdé, wọ́n sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láìkí ara wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, òkìtì aṣọ wà níwájú rẹ̀, kò sì tíì fọwọ́ kan ọ̀kan. Ìyá Àgbà, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tó máa ń jókòó sí láti máa gbọ́ ẹni tó ń kọjá. Ìyàwó Káfíńtà wọlé pẹ̀lú àpò ọ̀rá lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì. Alága dáhùn, kò gbójú sókè.

"Mo wọn aṣọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó kó o lọ, mà," ni Ìyàwó Káfíńtà wí. "Méjìlélógójì lẹ kọ fún mi níbi ìbàdí. Méjìlélógójì ló wà níbẹ̀."

"Jẹ́ ká wò ó," ni alága wí.

Alága fa aṣọ náà yọ nínú òkìtì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó bọ́ téèpù ọrùn rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n. Mọ́kànlélógójì ni. Ó fi ìka tẹ ojú nọ́ńbà náà kí obìnrin náà lè rí i dáadáa. Ìyàwó Káfíńtà kò bá a jiyàn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ọ̀rá, ó mú téèpù onírin tí ọkọ rẹ̀ fi ń wọn pákó jáde.

"Ọkọ mi ló ní kí n mú un dání. Ó ní irin kì í fà."

Ó wọ̀n ọ́n níbi kan náà. Méjìlélógójì.

Nígbà tó yá, alága na téèpù rẹ̀ gbọọrọ lórí tábìlì, ó ní kí obìnrin náà na irin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti oókan, wọ́n ń bá a lọ. Ní ogún ìnṣì, wọ́n ti fẹ́ pínyà. Ní ogójì, téèpù àwọ̀ ìyeyè ti fi odindi ìnṣì kan ṣíwájú. Níbi tó parí sí, ní ọgọ́ta, ọgọ́ta àti ìnṣì kan àbọ̀ ni irin pè é. Gbogbo ọdún tó ti fi ń kọ́ ọrùn, tó ti fi ń fà á yí èèyàn ká, ni téèpù náà ti ń fà díẹ̀díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀.

Ìyá Àgbà bèèrè ohun tó dé tí wọ́n dákẹ́. Wọ́n sọ fún un. Ó ní irọ́ ni, ogún ọdún ni òun fi lo téèpù yẹn kí òun tó gbé e fún ọmọ òun, kò sì sí aṣọ tí òun fi rán tí kò gún.

"Ẹ̀yin lẹ fi wọ̀n ọ́n, Ìyá Àgbà, ẹ̀yin náà lẹ fi gé e," ni alága dáhùn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà fún ara rẹ̀. "Irọ́ tó pa nígbà tẹ́ ẹ wọn èèyàn náà ló tún pa nígbà tẹ́ ẹ wọn aṣọ. Ó bára mu. Èmi náà, bẹ́ẹ̀ náà ni."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Níwọ̀n ìgbà tó dá ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó lè tú u fó. Ìgbà tó gbé nọ́ńbà rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ló tó hàn. Ó jókòó. Ó ronú nípa àwọn méje tó kó aṣọ sílẹ̀ tí wọn kò kí ara wọn, àti nípa ẹni tó bi léèrè pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Ìyàwó Káfíńtà ká irin rẹ̀ padà. "Kò sẹ́ni tó mọ̀, mà. Mi ò ní sọ ọ́. Ẹ kàn sọ pé aṣọ ló súnkì, akọ̀wé ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Èrò náà wọ̀ ọ́ lára fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sì sẹ́ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn náà pé ó wọ̀ ọ́. Bí alága tó ń fi ìnṣì kan yọ gbogbo ayé lẹ́nu bá jáde wá sọ pé téèpù òun ni kò dáa, ta ló tún máa dá a lóhùn? Ó ṣeé ṣe kí ẹgbẹ́ tú níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí irọ́ kékeré kan dì í mú.

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín láti ibi tó jókòó sí. "Ìwọ tó o máa ń yí aṣọ ẹni ẹlẹ́ni síta wò," ló wí.

Alága kò ránṣẹ́ pe ìpàdé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì sọ ìdí. Nígbà tí wọ́n jókòó tán sórí àwọn àga kéékèèké, ó fi ìṣó kan téèpù rẹ̀ mọ́ igi pátákó ìkọ̀wé, ó na irin káfíńtà sábẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn. Wọ́n wò ó. Ó ní òun ló ba iṣẹ́ jẹ́, kì í ṣe àwọn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ìyàwó Káfíńtà.

"Mo bi ẹ́ lánàá pé ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́. Ẹni yòówù kó jẹ́, ó kọ́ ẹ láti wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi ò wọn téèpù mi rí. Má bínú sí mi."

"Èmi ni, mà," ni obìnrin náà wí. "Èmi ni mo kọ́ ara mi."

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ gbéra. Ó yọ téèpù tirẹ̀ nínú àpò, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, wọ́n sì rí i pé oókan àti eéjì kò sí lórí rẹ̀ rárá. Ó ní ibi orí rẹ̀ ló já lọ́dún kẹsàn-án sẹ́yìn, òun gé e kúrò, láti ìgbà náà ni òun ti máa ń fi méjì yọ nínú gbogbo ohun tí òun bá wọ̀n. Wọ́n bi í bóyá ó gbàgbé láti yọ ọ́ rí. Ó ní àwọn tó ń wọ sòkòtò òun ni kí wọ́n bi. Ẹ̀rín yẹn ló tú yàrá náà ká. Kálukú ń fa téèpù yọ, wọ́n ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú mẹ́jọ, márùn-ún péré ló péye.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, òkìtì aṣọ tí alága kó padà wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà péré ló sì kù. Ẹnì kan ní aṣọ ti tán, kò sí ohun tí wọ́n lè fi kún un. Akọ̀wé mú ọ̀kan, ó yí inú rẹ̀ síta, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ tó ń wò ó. Ó mú òmíràn, ó yí òun náà. Ó wá gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìnṣì kan gbáko," ló wí, ó ń wo alága. "Lọ́tùn-ún lósì."

Òfin tí wọ́n kùn sí ni. Àyè wà nínú gbogbo márùndínlógójì. Ohun tó kù ò ju kí wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n sì rán an jáde síta díẹ̀. Káfíńtà fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó máṣíìnì wọn wá sínú yàrá náà lọ́jọ́ kejì, ó sì kọ̀ láti lọ. Ó ní òun fẹ́ wo àwọn tó ń fi irin òun ṣe ọ̀gá. Ọ̀sán mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ti lọlé. Àwọn kan ń tú u, àwọn kan ń rán an, àwọn kan ń lọ̀ ọ́. Ìyàwó Káfíńtà ló ń wọ̀n ọ́n, alága ń kọ nọ́ńbà tó bá pè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gbọ́ ìró máṣíìnì ẹlòmíràn láti bí ọdún mẹ́wàá. Akọ̀wé ní ariwo náà ò jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí òun ń rò, ṣùgbọ́n òun ló máa ń kọ́kọ́ dé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, tí wọ́n tún wọ aṣọ wò, olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ gbé apá sókè, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jókòó. Kò sí bọ́tìnnì tó ṣí. Ó rìn yí wọn ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní àádọ́fà nọ́ọ̀sì ló kù, ó bi wọ́n pé ta ló máa wá wọ̀n wọ́n. Alága fọwọ́ kan èjìká Ìyàwó Káfíńtà.

Láti ìgbà náà, wọn kì í ka àkọsílẹ̀ ìpàdé mọ́ kí wọ́n tó wọn téèpù. Káfíńtà kan irin gígùn kan mọ́ ìsàlẹ̀ pátákó ìkọ̀wé, ibẹ̀ ni kálukú ti máa ń na tirẹ̀ tó bá ti wọlé. Méjì nínú àwọn tó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti padà wá. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ mọ̀ bóyá tàwọn péye ni. Wọ́n jókòó títí ìpàdé fi parí.

Nínú ogójì àkọ́kọ́, ẹ̀wù kan ló ṣẹ́ kù. Nọ́ọ̀sì tó ni ín wà lẹ́nu ìsinmi nígbà tí wọ́n wọ aṣọ wò lẹ́ẹ̀kejì, Mọ́ńdè ló máa padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Furaidé, Ìyá Àgbà ti wọlé lọ fẹ̀yìn lélẹ̀, alága nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Téèpù àtijọ́ ti di ohun tó fi so àwọn bébà ìgéṣọ pọ̀ lórí pẹpẹ. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ní kó fi ṣe é, pé dídì kò nílò nọ́ńbà. Tuntun le koko lọ́rùn alága, ó ń họ ọ́ lára. Ó fi wọn ìbàdí ẹ̀wù náà, ó tún un wọ̀n, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Ó rán ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó rán tòsì. Ó mú àlùmọ́gàjí ńlá, ó gé òwú tó yọ, irin ìsàlẹ̀ sì kan pákó. Ó lọ aṣọ náà, ó di gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ká a, ó sì gbé e lé orí àwọn aṣọ tuntun tó ń lọ sí ilé ìwòsàn.